Keshi, Balógun Tó Di Akọ́nimọ̀ọ́gbá

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù ní Ọ̀wọ̀ mọ ìtàn Frank Lampard dunjú. Wọ́n mọ̀ pé góòlù 211 ló jẹ fún Chelsea, wọ́n mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà pè é padà ní 2019 pé kó wá ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, wọ́n sì mọ̀ pé wọ́n lé e ní oṣù Kìíní ọdún 2021. Bí a bá ń sinmi lábẹ́ igi lẹ́yìn ìdárayá, wọ́n lè jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí bóyá ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá náà ló máa ń mọ̀ ọ́n kọ́ni. N kì í bá wọn wí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n dárúkọ ọmọ Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, tó sì padà wá gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ńṣe ni wọ́n máa ń wo ojú ara wọn. Bẹ́ẹ̀, ìtòsí wa níbí ni ọkùnrin náà ti di gbajúmọ̀. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ọ̀wọ̀, tó gba Ìfọ̀n kọjá, tó sì forí lé Sóbè, Bìní ló ń lọ. Bìní náà ni Stephen Keshi ti gbá bọ́ọ̀lù tó sọ ọ́ di balógun ikọ̀ Nàìjíríà.

Ọmọ Ìfọ̀n ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ ni mí, Ọ̀wọ̀ ni mo lọ́kọ sí, ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ni mo sì fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń bá ọkọ̀ agbépákó lọ sí Bìní. Bí wọ́n bá já pákó tán, tó sì bọ́ sí ọjọ́ eré, pápá ìṣeré Ogbe ló máa ń gbà lọ, kò ní bá àwọn yòókù sùn sábẹ́ ọkọ̀. Ẹgbẹ́ méjì ló lókìkí ní Bìní nígbà náà, Bendel Insurance àti New Nigerian Bank. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti dé, ìyá wa á béèrè owó pákó, àwa ọmọdé á béèrè ẹni tó jẹ góòlù. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Keshi. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń ṣọ́ àárín ẹ̀yìn fún New Nigerian Bank, tó ga, tó taagun, tí kì í yẹ orí fún bọ́ọ̀lù tó bá ń bọ̀ lókè. Èyí tí mo rántí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn tó dàgbà ju ọmọ náà lọ ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Illah ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní ni ìlú àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Azare lókè Ọya ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1962. St. Finbarr's College ní Akoka l'Ékòó ló ti ka ìwé girama, ilé ìwé tí kò sí ẹni tó lè sọ ìtàn bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé ìwé ní Nàìjíríà kó má dárúkọ rẹ̀. Ó gbá fún ẹgbẹ́ ACB l'Ékòó kó tó kọjá sí Bìní. New Nigerian Bank gba ife WAFU, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ní 1983, wọ́n tún gbà á ní 1984. Lọ́dún 1984 yẹn náà, Keshi tó jẹ́ ọmọ ọdún 22 péré ni balógun ikọ̀ Nàìjíríà tó dé àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Abidjan. Múdà Láwàl ló kọ́kọ́ jẹ góòlù lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Kamẹrúùnù ló padà borí, 3-1.

Adégbóyè Onígbindé, ọmọ Mọ̀dákẹ́kẹ́, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tó kó wọn lọ. Olùkọ́ ni bàbá náà kó tó gbájú mọ́ kíkọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi máa ń fà mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n fi ikọ̀ lé e lọ́wọ́, kò wọ́pọ̀ kí ọmọ Nàìjíríà jókòó sórí àga yẹn. Ní 1949, nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù níwájú àwọn òyìnbó, Jack Finch ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Fulham. Tẹ̀sílímì Balógun, tí gbogbo ayé ń pè ní Thunder, wà nínú àwọn tó lọ. Òun ló padà di agbábọ́ọ̀lù Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1956, tó sì wálé wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá kó tó kú ní 1972. Pápá ìṣeré ńlá kan ní Sùrùlérè ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní. Lẹ́yìn Finch, òyìnbó lóríṣiríṣi ló ti wá kọ́ wa. Otto Glória, ọmọ Brazil, ló wà níbẹ̀ nígbà tí a gba ife ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ ní 1980. Clemens Westerhof, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló wà níbẹ̀ nígbà tí a gba ìkejì ní 1994.

Ọdún tó tẹ̀lé ti Abidjan ni wàhálà dé bá Keshi. Àjọ tó ń rí sí bọ́ọ̀lù fi òfin de òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní 1985 nítorí pé wọn kò tètè dé ibùdó ikọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹlòmíràn ì bá jókòó sílé kó máa rojọ́ káàkiri. Keshi di ẹrù rẹ̀, ó gba Ivory Coast lọ, ó gbá fún Stade d'Abidjan àti Africa Sports. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí Bẹ́ljíọ̀m, ó kọ́kọ́ wà ní Lokeren, ó sì wọ Anderlecht ní 1987. Anderlecht kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré rárá. Wọ́n gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní 1988 àti 1989, wọ́n gba líìgì ní 1991, wọ́n sì dé àṣekágbá ìdíje àwọn agbafe Yúróòpù ní 1990, níbi tí Sampdoria ti Ítálì ti fi 2-0 borí wọn. Ọmọ Nàìjíríà tó ń jẹun nínú bọ́ọ̀lù Yúróòpù kò pọ̀ nígbà náà. Àwọn tó tẹ̀lé e dé Bẹ́ljíọ̀m pọ̀, Sunday Oliseh àti Daniel Amokachi wà nínú wọn, gbogbo ẹni tó mọ ìtàn náà ló sì gbà pé Keshi ló la ọ̀nà yẹn.

Ibi tó kan báyìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi wò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, ní Tùnísíà, Nàìjíríà fi 2-1 borí Sáḿbíà, Emmanuel Amuneke ló jẹ góòlù méjèèjì. Keshi ni balógun ikọ̀, ṣùgbọ́n orí ìjókòó àwọn adípò ló ti wo àṣekágbá náà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń sá eré fún Nàìjíríà, ó ti pàdánù àṣekágbá ní 1984 àti 1988, ọjọ́ tí ife wá bọ́ sí wa lọ́wọ́, ẹlòmíràn ló ń ṣọ́ àárín ẹ̀yìn. Nínú oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí a kọ́kọ́ lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Amẹ́ríkà, eré kan ṣoṣo ló gbá, èyí tí a fi 2-0 na Gíríìsì. Mo ti rí àwọn ọmọ tó bọ́ jẹ́sì sọ mọ́lẹ̀ nítorí pé mo ní kí wọ́n jókòó fún ìdajì eré kan láàárín ilé ìwé méjì. Ọkùnrin yìí jókòó, ó ń ṣe balógun lórí ìjókòó, ìjà kò tú ikọ̀ náà ká. Lójú tèmi, ọdún yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Iṣẹ́ náà ní kíkọ́, àwọn ènìyàn wa kò sì mọ èyí tó bó ṣe yẹ. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ti lè gbá bọ́ọ̀lù, kó ra fèrè kan, ó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá nìyẹn. Agbábọ́ọ̀lù ń ṣọ́ ipò tirẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá ń ronú nípa ipò mọ́kànlá àti àwọn tó jókòó. Ó gbọ́dọ̀ mọ iye ìgbà tí ara ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè sáré lọ́sẹ̀ kó má baà ṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń bá ẹni tí a yọ sọ̀rọ̀. Àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìpele ìpele, ilé ẹ̀kọ́ àwọn eré ìdárayá tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ sì wà l'Ékòó, National Institute for Sports, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Keshi kò gbójú lé òkìkí rẹ̀. Lẹ́yìn tó gbá bọ́ọ̀lù dé Faransé, Amẹ́ríkà àti Màléṣíà, ó lọ kọ́ṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà kó tó wá wọṣẹ́ nílé.

Ipò igbákejì ló ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló wà lẹ́yìn Shuaibu Amodu nígbà tí wọ́n tún ikọ̀ Nàìjíríà tó ti ń ṣubú gbé dìde, tí wọ́n kó o dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2002. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà parí ní Màlì lọ́dún yẹn, tí a gba ipò kẹta, wọ́n ní ipò kẹta kò tó, wọ́n lé wọn. Bàbá Onígbindé ni wọ́n pè pé kó wá kó ikọ̀ lọ sí Kòríà àti Japan.

Tógò ló kọ́kọ́ fi ikọ̀ orílẹ̀-èdè lé e lọ́wọ́, ní 2004. Orílẹ̀-èdè kékeré ni, kò sì tíì dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí. Sẹ̀nẹ̀gàl tó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní 2002 wà nínú ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú wọn, Sáḿbíà wà níbẹ̀, Màlì wà níbẹ̀. Keshi kó wọn kọjá gbogbo wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, wọ́n lọ fi 3-2 na Kóńgò ní Brazzaville, Tógò sì gba ìwé ìrìnnà Jámánì. Ọmọkùnrin tó jẹ góòlù 11 fún wọn nínú ìdíje yẹn ni Emmanuel Adebayor. Lomé ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ tán.

Ó dùn mí pé àwọn méjèèjì kò rẹ́ dópin. Ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì ní oṣù Kìíní ọdún 2006, Keshi fi Adebayor sórí ìjókòó nínú eré àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ di gbọ́nmisi-omi-ò-tó. Tógò pàdánù eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n lé Keshi, wọ́n gbé iṣẹ́ fún Otto Pfister, ọmọ Jámánì. Ẹni tó fún ọkà lómi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè. Ní Jámánì, àwọn agbábọ́ọ̀lù Tógò bá àwọn aláṣẹ wọn jà lórí owó, wọ́n tún pàdánù eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kò sí ẹni tó jàre nínú ìjà yẹn, torí akọ́nimọ̀ọ́gbá kò dé Ife Àgbáyé, ìràwọ̀ dé ibẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí eré kankan mú.

Ó padà sí Tógò, kò pẹ́ níbẹ̀, Màlì sì gbà á ní 2008. Nínú gbogbo ohun tó ṣe ní Màlì, eré kan ṣoṣo ni àwọn ènìyàn ń rántí, èyí tí wọ́n fi ṣí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Àńgólà ní 2010. Àńgólà ti jẹ 4-0, eré sì ti ń lọ sópin, kí Màlì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. 4-4 ni wọ́n parí rẹ̀. Síbẹ̀, Màlì kò kọjá ìsọ̀rí, iṣẹ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, lẹ́yìn tí Nàìjíríà kùnà láti dé ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà 2012, wọ́n pe Keshi wálé. Nígbà náà ló ṣe ohun tó jẹ́ kí èmi, obìnrin kan ní Ọ̀wọ̀, máa sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní òun á wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì wa nílé. Àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó ń fi mọ́tò rin ìrìn àjò láti ìlú dé ìlú lórí títì wa yìí, tí owó oṣù wọn kì í pé, ta ni wọ́n fẹ́ gbá mú nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù? Ṣùgbọ́n Keshi ti gbé nínú líìgì yẹn. Ó mọ̀ pé ọgbọ́n inú bọ́ọ̀lù lè wà lọ́wọ́ ọmọ tí aṣojú kankan kò tíì rí. Ó pe Sunday Mba ti Enugu Rangers, ó pe Azubuike Egwuekwe àti aṣọ́lé Chigozie Agbim ti Warri Wolves, ó pe Gabriel Reuben ti Kano Pillars. Ó sì pe Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars.

Sunshine Stars! Ẹgbẹ́ tiwa ní Àkúrẹ́, ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 2011 wọ́n dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje Confederation Cup ilẹ̀ Áfíríkà, ní 2012 wọ́n tún dé ìpele kan náà nínú Champions League kí Al Ahly ti Íjíbítì tó dá wọn dúró. Àkúrẹ́ ni wọ́n bí Oboabona sí, Àkúrẹ́ ló ń gbé, ó sì di balógun ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó kò nílò tẹlifíṣọ̀n, á wọ mọ́tò láti Ọ̀wọ̀ láàárọ̀, á wo eré, á sì padà dé kí alẹ́ tó lẹ́. Mo kó àwọn ọmọ mi lọ, mo ní kí wọ́n má wo bọ́ọ̀lù, kí wọ́n máa wo ọ̀nà tó ń gbà dúró. Kì í sáré lásán. Ibi tí bọ́ọ̀lù máa dé ló ti máa ń wà sílẹ̀ dè é.

Ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní oṣù Kìíní ọdún 2013, kò sì dára. A gbá 1-1 pẹ̀lú Burkina Faso, a tún gbá 1-1 pẹ̀lú Sáḿbíà, afi ìgbà tí Victor Moses gbá pẹ́náítì méjì wọlé Etiópíà ni a tó rọ́nà kọjá. Ivory Coast ló kàn, Didier Drogba, Yaya Touré, gbogbo àwọn ìràwọ̀ wọn pé. Ìròyìn ti ń lọ pé wọ́n ti ń múra láti lé Keshi, pé tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ sílé ti wà nílẹ̀ fún ikọ̀. Ní àárín ẹ̀yìn Nàìjíríà, Kenneth Omeruo, ọmọ ọdún 19, ló dúró, ẹnìkejì rẹ̀ ni Oboabona, ọmọ ọdún 22 láti Àkúrẹ́. Drogba kò rí góòlù kankan jẹ. Emmanuel Emenike kọ́kọ́ jẹ tiwa, Cheick Tioté dá a padà, Mba sì gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó sá a lọ, ó gbá a wọlé. 2-1. Nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí mo wà ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà, èébú tí wọ́n ti ń bú akọ́nimọ̀ọ́gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje pa rẹ́, ẹni tó ni ilé ìwòran kò sì lè gba àga rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tó gùn ún.

A na Màlì 4-1. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, ní Johannesburg, Mba tún jẹ góòlù kan ṣoṣo tó fi ife lé wa lọ́wọ́, Burkina Faso ló ṣófo. Ó ti tó ọdún 19 tí a ti gbà á kẹ́yìn. Kò tíì sí ọmọ Nàìjíríà tó kọ́ ikọ̀ wa gba ife yẹn rí. Ní gbogbo Áfíríkà, Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì nìkan ló ti gbà á gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣáájú Keshi.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lópin eré náà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí. Joseph Yobo ni balógun ikọ̀ wa nígbà náà. Kò pẹ́ tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ tí Keshi fi ní kó jókòó, tó sì fi ipò rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ méjì tí mo dárúkọ. Balógun kan ń jókòó, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti jẹ balógun tó jókòó ló sì fi í síbẹ̀. Nígbà tí àṣekágbá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kó parí, Keshi ní kí Yobo bọ́ aṣọ òtútù, kó wọlé. Yobo ló gbé ife sókè. Kò sí ìwé tí wọ́n ti kọ irú èyí sí. Ẹni tí wọ́n ti fi sí ipò yẹn rí ló mọ bó ṣe ń ṣe ni, ó sì mọ ohun tó máa tu ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ṣì ń jó kiri ìgboro, Keshi sọ lórí rédíò kan ní Gúúsù Áfíríkà pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà bá a lò ṣáájú eré Ivory Coast ló ń dùn ún. Bọ́lájí Abdullahi tó jẹ́ mínísítà eré ìdárayá nígbà náà bá a sọ̀rọ̀, ó sì yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n nǹkan kò yàtọ̀. Ní oṣù Kẹfà, àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ̀ láti wọ bàálù lọ sí ìdíje mìíràn ní Brazil nítorí owó àjẹmọ́nú wọn tí àjọ fẹ́ gé kù. Lọ́dún kan náà, ọ̀pọ̀ oṣù kọjá tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gba ife fún wa kò rí owó oṣù rẹ̀ gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi: ìtìjú ni. Ká ní òyìnbó ni, wọn kò ní jẹ ẹ́ lówó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ó kó ikọ̀ dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Brazil ní 2014. Tógò ti kọ́kọ́ tọwọ́ rẹ̀ rí ìwé ìrìnnà Ife Àgbáyé, Nàìjíríà wá di ìkejì. Ìpele yìí tún fi ìwà rẹ̀ hàn. Ó ti yọ Osaze Odemwingie kúrò nínú ikọ̀ ní 2013, Odemwingie sì sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí i ní gbangba. Nígbà tí Ife Àgbáyé dé, Keshi rí i pé òun nílò rẹ̀, ó pè é padà. A gbá ọ̀mì pẹ̀lú Ìráànì láìjẹ góòlù, Odemwingie ló jẹ góòlù kan ṣoṣo tí a fi borí Bọ́síníà, Ahmed Musa jẹ méjì sínú àwọ̀n Ajẹntínà bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ló fi 3-2 borí. A kọjá ìsọ̀rí kí Faransé tó fi 2-0 lé wa. Ṣáájú rẹ̀, kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ Áfíríkà tó ti kó ikọ̀ kọjá ìsọ̀rí ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí. Oboabona wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fara pa nínú eré àkọ́kọ́. Nígbà yẹn ó ti di agbábọ́ọ̀lù Rizespor ní Tọ́kì, èyí tí kì bá ṣeé ṣe ká ní Keshi kò yíjú sí Àkúrẹ́.

Kò yẹ kí n fi ibi tó kù díẹ̀ káàtó pamọ́. Ikọ̀ tó gba ife ní 2013 kò lè dé ìdíje 2015, torí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014 wọ́n gbá 2-2 pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà ní Uyo, ilé wa fúnra wa. Nínú àwọn eré tó gbẹ̀yìn yẹn, ikọ̀ náà kò ní ètò mọ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù kan tí kò yẹ kó ṣì wà níbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ni ẹ̀bi èyí, n kò lè gbè é. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tún gbà á padà ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, wọ́n sì lé e pátápátá ní oṣù Keje pẹ̀lú ẹ̀sùn pé ó ń wá iṣẹ́ Ivory Coast kiri. Ó ní òun kò wá a.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Kate ìyàwó rẹ̀ kú lẹ́yìn tí àìsàn jẹjẹrẹ ti bá a fínra. Keshi fúnra rẹ̀ kú ní Bìní ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, ọmọ ọdún 54. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, Shuaibu Amodu tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ náà kú ní Bìní kan náà. Illah ni wọ́n sin Keshi sí. Ìjọba Delta ti fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Asaba.

Mo fẹ́ràn pé wọ́n fi pápá sọrí rẹ̀, ṣùgbọ́n òkú kò lè fi pápá ra oògùn. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń ra jẹ́sì àti ife fún ìdíje àwọn ilé ìwé lọ́dọọdún, ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun tó ń fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi ṣe ìdíje ìrántí bàbá yín, ọwọ́ yín ni mo ń na ọ̀rọ̀ yìí sí. Ní Ìfọ̀n, ní Ìdóàní, ní Ọ̀wọ̀, àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí wà tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ jọ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń fi owó ara wọn ra bọ́ọ̀lù. Ẹ wá wọn rí. Ẹ rán ẹni méjì nínú wọn lọ gba ìwé àṣẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́dún yìí, kí ẹ rán méjì míràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ pe àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún Sunshine Stars pé kí wọ́n máa wá wo ìdíje àwọn ilé ìwé wa, kí wọ́n má jókòó sí Àkúrẹ́ nìkan. Kí ẹ tó ra jẹ́sì tuntun, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà, kí ẹ bá a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí ẹ sì san owó rẹ̀ kí oṣù tó tán.